Àwọn Èrò Tésàn Ìkìrun

Ẹ̀pẹ́ ni Saheed ti ra irin náà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin. Àgékù ojú irin rélùweè ni, wọ́n dá a lu lórí kan. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Saheed ń ṣe ní Ìgbògbò, ó sì fẹ́ ohun líle tí yóò máa lu páànù lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ irin náà kalẹ̀, bàbá rẹ̀, Bàbá Àbúdù, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, na ọwọ́, ó wá ihò náà kàn, ó sì gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

"Saheed, níbo lo ti rí agogo mi?"

Tésàn rélùweè Ìkìrun ni Bàbá ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Irin tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo tésàn, òun ló sì máa ń lù ú. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ti kúrò ní Òṣogbo nìyẹn. Èrò á dìde, wọ́n á gbẹ́rù. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojoojúmọ́ di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di ti oṣooṣù, ó wá di àwátì. Wọ́n ti fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún èrò pé ó ti parí.

Saheed bá Bàbá so ó mọ́ igi fúrúùtù iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí inú arúgbó lè dùn. Bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìró rẹ̀ lọ jìnnà, bí ẹni pé kò sí ilé kankan ní Ìgbògbò.

Wọn ò tíì kírun Àsárì tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n tò sẹ́bàá gọ́tà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà kan náà. Òjò ti pa gbogbo àdúgbò, síbẹ̀ eruku pupa gbígbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, ó ń pe "Gáréèjì! Gáréèjì!" Ẹnikẹ́ni ò mira.

Obìnrin kan tó pọnmọ yí sí Saheed. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kúrò l'Óṣogbo?"

Orí Saheed wú. "Bàbá, àwọn wo nìyí?"

"Èrò mi ni wọ́n. Wọ́n ṣì ń dúró."

"Ẹ jẹ́ n já irin yìí kalẹ̀!"

"Bí o bá já a, ta ni yóò sọ fún wọn?" Arúgbó náà dìde, ó ṣí fìlà. "Ẹ̀yin èrò Ìkìrun, ẹ má bínú o. Rélùweè ò wá mọ́. Ẹ máa lọ."

Lẹ́yìn náà wọ́n gbẹ́rù níkọ̀ọ̀kan, wọ́n yà sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Saheed sáré tẹ̀ lé wọn. Ògiri ló bá níbẹ̀, kò sí ọ̀nà.

Obìnrin ọlọ́mọ nìkan ló kù. "Ọ̀fà ni mò ń lọ," ló wí. "Ọmọ yìí ò tíì rí bàbá rẹ̀ rí." Ọmọ náà ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni igbe rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀rù ba Saheed, àánú sì ṣe é. Ó mú un dé Gáréèjì Ìkòròdú. Ó ń wo ojú agbèrò bóyá ó rí obìnrin náà.

"Ìyá ọmọ, ẹ rọra, ẹ fọwọ́ bo ọmọ lórí," ni agbèrò wí, ó sì ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì Ọ̀fà fún un. Saheed sanwó, ó fún Bùsàrí, awakọ̀ náà, ní nọ́ńbà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bùsàrí pè.

"Bùrọ̀dá, a kọjá Ìkìrun díẹ̀, obìnrin yẹn ní kí n dúró nínú igbó. Rélùweè ló wá gbé e."

"Rélùweè wo?"

"Gbogbo wa la rí i. Èrò kún inú rẹ̀ tẹrùtẹrù. Ọkùnrin kan na ọwọ́ láti fèrèsé, ó gba ọmọ náà, ó sì gbé e mọ́ àyà."

Saheed sọ ọ́ fún Bàbá.

"Ó gba ọmọ?"

"Ó gbà á, Bàbá."

Arúgbó mi orí, ó ní kó bu omi wá fún òun. Saheed ò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó tì í. Ní gbogbo ìgbà tí fèrè ọkọ̀ bá dún lójú títì, àwọn méjèèjì á gbórí sókè.