Ìbánikẹ́dùn Nílé Alààyè

Irọ́ tí Moataz pa kò gùn rárá. "Kọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ní Rashid ti kú." Ó parí. Orí fóònù ló ti pa á, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó wá fa ikun imú díẹ̀ sí i kó lè dùn.

Kọ́ọ̀ṣì Wagdi, àgbà ọkùnrin tí omijé kì í jìnnà sí lójú, ti ń sunkún kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. "Alàájà Inshirah? Ìyá tó máa ń fi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n rọ ráìsì sí nínú ránṣẹ́ sí wa ní àgọ́? Áà! Mi ò tíì fojú kàn wọ́n rí, ṣùgbọ́n mo ti jẹun ọwọ́ wọn. Máa lọ, ọmọ mi. Lọ sìnkú ìyá rẹ. Ó di Sátidé."

Ìyá náà kò kú o. Ó wà ní Rashid níbi tó wà, ara rẹ̀ le koko. Àbúrò bàbá Moataz ni. Òun ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí ní ọjọ́ tí ìyá tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀, kò sì lọ́kọ mọ́ nítorí rẹ̀. "Ìyá" ni Moataz ń pè é. Kò ní òmíràn.

Ẹ bá mi bi ọmọ yìí: nínú gbogbo irọ́ tó wà nílẹ̀, àfi ikú? Ó nídìí o. Irọ́ kéékèèké ti tán lápò rẹ̀. Ó ti fi inú rírun kẹ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ lọ sí Aswan tí kò bá wọn lọ. Ó ti pe ibà mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi gólù mẹ́rin na El-Manara, ẹgbẹ́ rẹ̀, fídíò rẹ̀ wá jáde lọ́jọ́ kejì níbi tó ti ń fa ṣíṣà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni alága ẹgbẹ́ jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n tó na ìka sókè. "Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, màá fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya níṣojú gbogbo yín, kó padà sí Rashid lọ máa ta ẹja." Alága yìí kì í ṣeré. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá sì torí ìwà lé kúrò ní Alẹkisáńdíríà, ẹgbẹ́ wo ni yóò gbà á?

Bẹ́ẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Sátidé ni yóò sọ bóyá El-Manara máa já sí ipele kejì. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òṣèré, ń ṣe ọjọ́ ìbí nílé etíkun ní Sáhẹ́lì, ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, olórin wà níbẹ̀, àwọn arẹwà wà níbẹ̀. Ojú Moataz kò lè gbé ibòmíràn mọ́. Ó pa ìyá rẹ̀, ó gba etíkun lọ.

Nígbà tó máa jí lọ́jọ́bọ̀, oòrùn ti kan àtàrí. Fóònù rẹ̀ ti kú láti àná. Ó so ó mọ́ iná, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, fóònù wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì, kò dáwọ́ dúró. Àwòrán ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lójú ewé Fesibúùkù ẹgbẹ́, wọ́n fi ìlà dúdú yí i ká. "El-Manara bá ọmọ wa Moataz kẹ́dùn ikú Alàájà Inshirah, ìyá tó tọ́ ọ. Gbogbo ẹgbẹ́ yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i ní Rashid lónìí, lẹ́yìn ìrun Alaasari."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ há a lọ́fun.

Ṣé bí kò mọ àṣà ni? Ó mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, tí o kò bá wá síbi ìgbéyàwó, wọ́n á bínú, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí o kò bá wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ. Àṣìṣe Moataz ni pé ó rò pé lójú Kọ́ọ̀ṣì Wagdi, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Sátidé tóbi ju òkú lọ. Ó rò pé wọ́n á kàn fi òdòdó ránṣẹ́.

Èyí tó bà á lẹ́rù jù kò tíì dé. Ó fa ojú ewé náà wálẹ̀, ó ń ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń bá ara wa kẹ́dùn: "Kí èyí tó kù nínú ọjọ́ rẹ̀ wọ inú ọjọ́ tìrẹ." Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́, ẹni kejì kọ ọ́, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ló kọ ọ́. Kí èyí tó kù nínú ọjọ́ rẹ̀ wọ inú ọjọ́ tìrẹ. Ó dáa kí wọ́n sọ ọ́ nípa òkú. Alààyè ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ẹnu ló ń bu ọjọ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń dà á lé e lórí, òun ló sì ní kí wọ́n máa bù ú. Ó pe Rashid. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè, wọ́n ti pa fóònù.

Moataz ti wà nínú mọ́tò kó tó rántí pé ẹ̀wù olódòdó etíkun ló wà lọ́rùn òun.

Ó sáré. Ó sáré débi tí ọlọ́pàá kan fi dá a dúró, tí ó wò ó lójú, tó ní, "Áà, Moataz agbábọ́ọ̀lù! Ìyá ti lọ, àbí? Kí èyí tó kù nínú ọjọ́ wọn wọ inú ọjọ́ tìrẹ," tó sì yà fún un. Ó la Alẹkisáńdíríà já, ó gbọ̀nà Abu Qir, ìwo mọ́tò kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn ló ń rò nígbà tó ń kúrò ní Sáhẹ́lì. Ó ń ronú irọ́ tí yóò fi bo irọ́: kó ní dókítà ló ṣìṣe, kó ní ìyá ti tají. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe nọ́ńbà yẹn tí wọn ò gbé e, ìwé àdéhùn ń kéré sí i. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá wà tí ìyá rẹ̀ kò gbé fóònù rí, kò rántí rẹ̀.

Ghareeb, aṣọ́lé tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́, ló pè é, ó fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kí i. "Mizo, a ti kọjá Edku o. Má sunkún jù, jọ̀ọ́, a nílò ẹsẹ̀ rẹ ní Sátidé. Ọmọ ìyá mi, kí èyí tó kù nínú ọjọ́…"

"Má sọ ọ́!" ni Moataz pariwo. "Má sọ ọ́, mo ní!"

Ghareeb rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi. Ó dáa. Ó dùn ọ́, mo mọ̀."

Nígbà tó fi dé Rashid, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ti dúró sẹ́nu àdúgbò, ọ̀nà ibẹ̀ kò gbà á wọlé. Ó rí àga tí wọ́n tò sí ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ó gbọ́ ohùn Kùránì láti inú gbohùngbohùn. Àwọn obìnrin wọ dúdú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó fọwọ́ ti ògiri. Ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo ti fẹnu ara mi pa á, ló wí nínú ọkàn rẹ̀.

Ọwọ́ kan mú un létí. Ìyá Sabrin ni, ará ilé kejì, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé odò Náílì. Lónìí, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ ìyà! O pa ìyá rẹ, o sì pẹ́ dé ibi ìsìnkú!"

"Ìyá Sabrin, ṣé wọ́n…"

"Wọ́n wà nínú ilé, alààyè ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ tìrẹ. Láti àárọ̀, ẹni tó bá pe fóònù tó gbọ́ ohùn wọn, igbe ló ń ké. Ìbátan yín ní Damanhur dákú. Ni ìyá rẹ bá pa fóònù. Wọ́n rí ohun tí ẹgbẹ́ yín kọ sórí Fesibúùkù, wọ́n ní, 'Mizo ti wọ wàhálà kan.' Wọ́n bẹ gbogbo àdúgbò kí kálukú pa ẹnu mọ́. Ilé-ìwé ni mo ti lọ yá àga wọ̀nyí o. Bọ́ ẹ̀wù òdòdó yẹn, aláìnítìjú. Jalamia ọkọ mi rèé."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, méjèèjì kò jáde. Ó wà láàyè. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan pé ẹ̀rù ṣì ń bẹ nínú ilé.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù kún yàrá àlejò, orúnkún kan orúnkún, kálukú mú ife kékeré kọfí tí kò ní ṣúgà lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó láàárín wọn nínú aṣọ dúdú. "Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Alàájà Nagat," ni wọ́n ń pè é, òun ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kò ní ẹ̀gbọ́n kankan láyé. Kò wo Moataz lójú nígbà tó wọlé. Kọ́ọ̀ṣì Wagdi dìde, ó gbá a mọ́ra, ó fomijé rẹ jalamia tí wọ́n yá a.

Alàájì Sirri ni kò dìde. Òun ni alábòójútó ẹgbẹ́, ojú àti etí alága. Ó ń ka tẹsíbáà ní kọ̀rọ̀, ó ń wò. "Moataz, oòrùn itẹ́ òkú yín mà le o. Imú rẹ ti bó."

"Alàájà, ẹ má bínú sí mi," ni Sirri wí fún ìyá. "Ẹnì kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi láti Sáhẹ́lì láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yìn orí ọkùnrin kan ni, nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó jọ orí kan tí mo mọ̀. Alága ti rí i. Tí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, wọn á fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya lálẹ́ yìí. Ẹ fi Kùránì búra fún mi pé Alàájà Inshirah ti kú, èmi fúnra mi ni màá dọ̀bálẹ̀ bẹ ọmọ yìí."

"Sirri!" ni Kọ́ọ̀ṣì ké. "Nínú ilé ọ̀fọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni, Kọ́ọ̀ṣì. Olóòótọ́ kì í bẹ̀rù rẹ̀."

Irọ́ ni Sirri pa níbẹ̀ yẹn. Inshirah ń bẹ̀rù ìbúra, gbogbo Rashid ló sì mọ̀. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹnì kan gba oko ọ̀pẹ déètì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Adájọ́ ní kí Inshirah búra pé tirẹ̀ ni, kó máa kó o lọ. Tirẹ̀ ni lóòótọ́! Ó ní òun kò lè fọwọ́ lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nítorí ọ̀pẹ. Ó fi oko sílẹ̀, ó lọ sílé. Moataz wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

Ìyá gbójú sókè. Ìgbà náà ló tó wo Moataz. Kò ṣẹ́jú sí i, kò mi orí. Ó kàn ń wò ó, ó ń dúró dè é. Moataz wo inú ife rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣe àlùwàlá," ni ìyá wí.

Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ. Gbogbo wọn gbọ́ omi. Àlùwàlá àgbàlagbà kì í yá. Ó fọ ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Moataz la ẹnu, ó pa á dé. Ìyá fomi yọ ẹnu, ó fín omi simú. Dìde, ni nǹkan kan ń wí nínú rẹ̀, dìde sọ pé òun rèé, òun ni Inshirah, èmi ni òpùrọ́. Ó rí ìka alága lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó rí ara rẹ̀ níwájú àtẹ ẹja, àwọn ọmọdé ń nàka sí i. Omi ń dà, ó ti dé apá. Omi dé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Omi dé ẹsẹ̀ òsì. Omi dá.

Ó jáde wá, omi ṣì ń kán ní ìgùnpá rẹ̀, Kùránì wà lọ́wọ́ òsì. Ó gbé ọ̀tún lé e.

"Mo fi Ọlọ́run búra. Inshirah ti kú."

Sirri dìde, ó fẹnu ko orí rẹ̀, ojú tì í gan-an. "Ẹ forí jì mí, Alàájà. Ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ alága. Mo ṣèlérí." Wọ́n ka Fátíhà fún òkú. Wọ́n tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú sì tẹ̀ síwájú ìyá, ó wí fún un pé kí èyí tó kù nínú ọjọ́ rẹ̀ wọ inú ọjọ́ tiyín. Ó ń dáhùn, "Àmín, ọmọ mi. Àmín." Bọ́ọ̀sì lọ. Ìyá Sabrin pa Kùránì inú gbohùngbohùn.

Moataz ti dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ nà mí. Ẹ bú mi. Ẹ lé mi síta."

Kò nà án, kò bú u. Ó jókòó, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lọ́wọ́, kò jẹ́ kó kan aṣọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mizo," ló wí. Moataz kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láyé. "Mo ti dàgbà. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mò ń lọ, kò sì jìnnà mọ́. Ó máa bi mí. Kí ni kí n sọ? Ìwọ lo mọ irọ́ pa. O pa fún Kọ́ọ̀ṣì, ó gbà ọ́ gbọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi wá ọ̀kan tí mo lè mú dání lọ."

Moataz wá a, ó wá a, kò rí.