Àwo Dévédé Tí Bàbá Diane Ń Tún Gbìn

Mùbárákà, ìyàwó Ràmọ́nù tó ń ta àwo dévédé lẹ́bàá ọjà Dásà, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ìrẹsì ni òun ń tà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ọkọ rẹ̀, àmọ́ inú ìsọ̀ ni etí rẹ̀ máa ń wà. Nígbà tó yá, mo bi Bàbá Diane fúnra rẹ̀. Kò jiyàn.

Nicolas lorúkọ Bàbá Diane, àgbẹ̀ ni ní Lèma. Kò sẹ́ni tó mọ èbù iṣu tọ́jú tó o lápá ibẹ̀. Isabelle, ìyàwó rẹ̀, kú lọ́dún tí òjò kò tètè dé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tí èèyàn fi lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ni fídíò tí Diane ọmọ wọn fi fóònù gbà sílẹ̀ níjọ́ kan tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Fídíò náà kò gùn. Isabelle ń bú ọkọ rẹ̀ pé ó tún fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ọkùnrin náà kò fẹ́ kó sọnù.

Fóònù ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Diane bá mú bàbá rẹ̀ lọ bá Ràmọ́nù pé kó bá wọn kọ fídíò náà sínú àwo. Ràmọ́nù gbé oríṣi méjì síwájú wọn. Lẹ́tà R nìkan ló wà lára ọ̀kan, R àti W ló wà lára èkejì.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń kọ nǹkan sí èyí tó ní R nìkan. Tí mo bá ti kọ ọ́, ó parí, ẹnikẹ́ni ò lè pa á rẹ́. Èyí tó ní W, mo lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí n sì kọ òmíràn sí i."

"Oní-R la fẹ́," Diane dáhùn.

Bàbá rẹ̀ wò ó bí ìgbà tó ká a mọ́ ibi tó ti ń se èbù jẹ. "Diane, ṣé ilé mi kọ́ lo ti dàgbà ni? Iṣu tí a kò lè tún gbìn, kí là ń pè é?"

"Papa, dévédé kì í ṣe iṣu."

"Iṣu tí a kò lè tún gbìn, ọbẹ̀ ló kù tó ń wá. Ohun tó bá jókòó sójú kan láìsí ẹni tó tún un gbìn, jíjẹrà ló ń lọ. Oní-W ni kó fún mi."

Diane wo Ràmọ́nù. Ràmọ́nù wo àjà ilé.

Bí Isabelle ṣe wọ inú àwo oní-W nìyẹn. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Bàbá Diane ní kí Ràmọ́nù pa fídíò náà rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá. Kò gba àyè rárá."

"Ìyàwó mi kò sùn sílé ọkùnrin mìíràn rí nígbà tó wà láyé. Ṣé ìgbà tó kú tán ni yóò wá bẹ̀rẹ̀?"

Mùbárákà rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi jóná mọ́ ọn lórí iná. Ràmọ́nù pa fídíò náà rẹ́. Fóònù Diane kò pẹ́ kó tó kú pátápátá, Diane fúnra rẹ̀ sì kó lọ sí Parakou. Ó ní tí òun bá wálé fún ìsinmi, òun á ra oní-R tòun, kí wọ́n kọ fídíò náà sí i. Ó wálé lóòótọ́. Gàárì ló rà.

Bàbá Diane fi aṣọ mímọ́ wé àwo náà, ó gbé e kọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ nínú àká, láàárín àwọn èbù. Bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, yóò gbé e wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, Isabelle yóò bú u, yóò sì rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, tí àsìkò àtikọ ebè bá tó, á gbé e dé ọ̀dọ̀ Ràmọ́nù.

"Ó ti tó àkókò. Pa á rẹ́, kó o tún un gbìn."

Lọ́dún àkọ́kọ́, Ràmọ́nù gbìyànjú. "Bàbá, àwo yìí kì í jẹrà bí iṣu. Pípa á rẹ́ yìí gan-an ló máa ń mú un gbó."

"Ta ló mọ iṣẹ́ èbù nínú àwa méjèèjì?"

Ràmọ́nù gba àwo náà. Ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kó yí, kí iná kékeré ara rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó dá a padà. "Mo ti tún un gbìn, Bàbá."

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Mùbárákà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "O ń purọ́ fún àgbàlagbà, o sì ń kírun."

"Ta ni irọ́ náà pa lára?"

Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Bàbá Diane tilẹ̀ ń sọ fáwọn ará Lèma pé ẹ̀rín Isabelle túbọ̀ ń dún ketekete ni láti ìgbà tóun ti ń tún un gbìn. Lóṣù August tí àwọn ìjọ Àgùdà lọ gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà ní Arigbo, ó sọ ọ́ fáwọn tó wá láti Soclogbo náà, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn lórí èbù?

Ọdún kan wá dé tí ara ìyá Ràmọ́nù kò yá ní Kùtọnu. Ràmọ́nù lọ síbẹ̀, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Ṣẹ̀rífù àbúrò rẹ̀. Gbogbo ọjà ló mọ Ṣẹ̀rífù. Kì í purọ́, ohun tí o bá ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló máa ṣe.

Bàbá Diane gbé àwo rẹ̀ dé. "Pa á rẹ́, kó o tún un gbìn."

Ṣẹ̀rífù da fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó pa ti inú àwo rẹ́ tónítóní. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ padà, iná lọ. Nígbà tí iná yóò fi padà dé, ó bá ìbínú dé, èéfín yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Mùbárákà gbọ́ òórùn rẹ̀ níta kó tó rí i. Ẹ̀rọ náà kò jí mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe tú u, ó wo inú rẹ̀, ó mi orí. Ṣẹ̀rífù sọ gbogbo bó ṣe jẹ́ fún Bàbá Diane, ó dá àwo náà padà fún un.

Nígbà tí Ràmọ́nù ti Kùtọnu dé, Bàbá Diane sọ̀ kalẹ̀ wá láti Lèma, àwo tó ti ṣófo wà nínú aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mùbárákà ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kó panu mọ́, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí sìnkú ìyàwó kan ṣoṣo.

"Èmi ni mo fà á," Bàbá Diane sọ. "Mo pẹ́ jù lọ́dún yìí. Àsìkò àtigbìn ti kọjá kí n tó gbé e wá."

Ràmọ́nù kò lè gba ìyẹn mọ́ra. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Mi ò tún un gbìn rí."

Àgbàlagbà náà wò ó. "Láti ọjọ́ yìí, ti àkọ́kọ́ yẹn ni mò ń wò?"

"Òun ni."

"Kò sì jẹrà."

"Kò jẹrà, Bàbá."

Mùbárákà sún ìjókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rò pé ó fẹ́ ṣubú ni. Kò jókòó. Ó yíjú sí Ṣẹ̀rífù tó fara pamọ́ sẹ́yìn káńtà, ó na ọwọ́ sí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ìwọ, ohun tí mo ní kó o ṣe lo ṣe. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Ó wá kọjú sí Ràmọ́nù. "Òpùrọ́ ni ọ́. Mi ò ní bá ọ rajà mọ́ láyé."

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ká ní ìwọ lo wà nísọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín Isabelle ì bá ṣì..."

Ó gbé àwo náà lé orí káńtà, ó ká aṣọ rẹ̀ sí àpò, ó sì mú ọ̀nà Lèma pọ̀n. Mùbárákà pè é pé kó wá jẹ ìrẹsì kó tó lọ. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń rìn lọ ní tirẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.