Ìlà Kan Tó Gbé Irínwó Ohùn Mì

Ní ilé ìpamọ́ orin tó wà ní ìlú Naryn, irínwó fáìlì orin ló wà níwájú Nurzat, orúkọ wọn rí játijàti, òun ló sì gbọ́dọ̀ tún wọn sọ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń tẹ àṣẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tíì dé ìdajì. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ṣùgbọ́n irínwó kì í ṣe mẹ́rin. Temirbek ọ̀gá rẹ̀ ló wá fi hàn án pé ìlà àṣẹ kan ṣoṣo lójú dúdú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ kí ife tíì kan tó tutù.

"Àmọ́ rọra o," ọ̀gá náà ní. "Kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà ka ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹ. Tó o bá ti rí i pé ó dáa, kó o wá ní kó ṣe é."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Nurzat kọ ìlà náà. Ó dá a lójú, kò wulẹ̀ ní kó kọ́kọ́ ka ohun tó fẹ́ ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kíá, iṣẹ́ parí. Inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó ṣí fódà tó bá fáìlì ẹyọ kan. Orúkọ kan náà ni ìlà rẹ̀ fún gbogbo wọn, bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ló ń pa èyí tó bá níbẹ̀ rẹ́. Dísìkì tí ẹ̀dà wọn wà sì ti kú láti ìgbà òtútù. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ṣùgbọ́n ta ní í rántí àgbà nígbà tọ́wọ́ bá ń yá?

Ohùn Kanymgul tó ti kú, ọmọ obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Burulsun, wà lára ohun tó run. Ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ìyá náà bá ti din àkàrà ìyẹ̀fun fún àwọn òkú rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ibẹ̀ ló ń wá gbọ́ orin ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi wọlé lọ́jọ́ yẹn.

"Ọmọ mi, bá mi ṣí i."

Nurzat di ọwọ́ ìyá náà méjèèjì mú. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ohùn Kanymgul ti lọ. Èmi ni mo pa á rẹ́."

"Kí lo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mo fẹ́ yára ni, Ìyá."

Ìyá náà jókòó.

"Ọdún mẹ́fà rèé tó ti kú," ó ní. "Ẹlòmíì ló bá mi dárò ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀, ohùn mi ò jáde. Lẹ́yìn náà mo ń wá síbí. Ẹni tí mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ dárò ẹ̀?"

Ó kọjú sí ògiri bí àwọn obìnrin ìlú wọn ṣe máa ń ṣe nílé ọ̀fọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárò ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.