Sọ́rì Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ẹ bá Fàdìlàt yọ̀, jàre. Díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé, tó sì gbẹ̀kọ́. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì ló wà, lójú ọ̀nà Ìdímù, ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ẹ̀rọ ṣàdédé dún gbàù, èéfín sọ, ó dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Rájàn, ọ̀gá tuntun tí kò tí ì pé oṣù kan tó ti Íńdíà dé, sáré jáde ní ọ́fíìsì, ó káwọ́ lérí. Àánú rẹ̀ ṣe Fàdìlàt gan-an. Èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, irú wàhálà yìí ló bá a níbẹ̀! Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sọ́rì, sà. Sọ́rì o. Áà, sọ́rì, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó fa ìwé kékeré yọ lápò, ó kọ nǹkan sí i.

Fàdìlàt ò tiẹ̀ kà á sí. Ọjọ́rú ni Miriam, akọ̀wé ọ́fíìsì, mú lẹ́tà wá bá a. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta pé òun lòun ba ẹ̀rọ jẹ́, kó wá sọ tẹnu rẹ̀ láago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó fún un níwèé gbélé-ẹ.

"Jẹ́wọ́ kẹ̀? Ta ló jẹ́wọ́? Miriam, ìwọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, àǹtí mi."

Fàdìlàt ká lẹ́tà náà sápò. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nílé wọn ní Ìgàndó. Láti ọdún tó kọjá tí ẹsẹ̀ ti ń dun ọkọ rẹ̀, ọkùnrin yẹn ò lè jáde. Báwo ló ṣe máa wọlé lọ sọ fún un pé wọ́n ti lé òun?

Nígbà tó dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ti jókòó, Gideon tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Miriam ń kọ̀wé. Ará Kàlàbá ni Gideon, Ègùn Àgbádárìgì ni Miriam. Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ nítorí ọ̀gá.

"Ṣé ìwọ lo ba ẹ̀rọ jẹ́?"

"Èmi kọ́ o. Sọ́rì, sà, èmi kọ́."

"Ó tún ti sọ ọ́!" Ọ̀gá fi bírò gún ìwé rẹ̀. "Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin."

Fàdìlàt wo Gideon, ó wo Miriam. Kí ni òun tún wí báyìí? Omi lé sí i lójú.

Ọ̀gá dìde kó mú fáìlì Fàdìlàt. Wọn ò ti dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Orúnkún rẹ̀ lọ bá a, gbò! Ó pariwo, ó di orúnkún mú.

"Sọ́rì, sà!" Gideon àti Miriam jọ sọ ọ́ ni. Màmá tó ń nu ilẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ náà yọjú lójú fèrèsé: "Áà, sọ́rì o, ọ̀gá!"

Ọ̀gá yíjú sí Gideon. "Kí lo ṣe?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Kí ló wá dé tí o ń tọrọ àforíjì?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Fàdìlàt. Ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

"Sà! Ohun tí wọ́n sọ yẹn ni èmi náà sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè! Ta ló tì yín lu dúrọ́ọ̀ nínú wọn? Kò sí! Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń kí yín. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, bí òjò bá pa á, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́, a máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe pé àwa la fà á. Ó dùn wá ni!"

"Ṣé lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Gideon dáhùn, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. "Ní Kàlàbá náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é." Miriam ní bẹ́ẹ̀ náà ni l'Àgbádárìgì.

Ọ̀gá rọra jókòó. Ó ní láti àná ni mẹkáníìkì ti sọ pé bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ ló gbó tó fi já. Ọ̀rọ̀ ẹnu Fàdìlàt nìkan lòun dì mú, tóun fi rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ó fa ìwé gbélé-ẹ tó ti kọ sílẹ̀ jáde, ó ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Àlùhàmúdù lílàhì! Ara Fàdìlàt fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó padà jókòó, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí híjáàbù nu imú.

"Fàdìlàt," ọ̀gá pè é, "sọ́rì."

Ó gbójú sókè. "Èwo nínú rẹ̀ ni, sà? Tiwa, àbí tiyín?"

Ọ̀gá fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Méjèèjì ni," ó ní.