Ìrọ̀rí Ọdún Keje

Ìrọ̀rí méje ni obìnrin télọ̀ kan ní, bó sì ṣe ń ṣọ́ wọn, wúrà ò tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ bò wọ́n kí eruku má bàa bà wọ́n. Ìkeje wà lórí ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí. Ó ti di ọdún kejìlá tí orí kankan ò ti kàn án, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí kò ní gbọ̀n ọ́n, kó tò ó dáadáa, kó sì fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí adágún.

Ọkọ rẹ̀ ló ṣa ìyẹ́ inú wọn. Atukọ̀ ni, òun ló ń gbé àwọn èèyàn sọdá adágún. Ní erékùṣù kékeré tó wà láàárín omi, àwọn ẹyẹ apẹja kan ń gbé, funfun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í fò bó bá dé. Lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìyẹ́, á ṣa ìhùùhù tó bọ́ sílẹ̀, á fọ̀ ọ́, á sá a, á gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó á rán ìrọ̀rí tuntun, á fi òwú pupa kọ ọdún náà sí igun rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ ti ṣe é jù," á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọba gan-an kì í pààrọ̀ ìrọ̀rí lọ́dọọdún."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi kì í ṣe ọba?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti lọ sílé ẹ̀kọ́, ìwé náà sì gbé e dé ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń wádìí àìsàn ẹran àti ẹyẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wọlé dé, ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀, ó ní láti erékùṣù lòun ti ń bọ̀.

"Màmá, àwọn ẹyẹ yẹn ń tán lọ. Ìtẹ́ mọ́kànlélógójì ni mo kà. Ẹyin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sàba lé wọn. Mo rí ọ̀kan tó dúró ti ẹyin rẹ̀, tó kàn ń wò ó bí ẹni pé òun kọ́ ló yé e. Òmíràn fẹ́ fò, ó ń ta gbọ̀ngbọ́n, ló bá já sínú omi."

"Bí ẹni tó mutí," ni télọ̀ wí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé lójijì.

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé. Mẹ́kúrì ni, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, òun ni àwọn tó ń fọ wúrà lókè odò fi ń kó wúrà jọ. Ó ń ṣàn wọ adágún, ó ń wọ ara ẹja, ẹyẹ ń jẹ ẹja, ó sì ń ba ọpọlọ ẹyẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníwúrà ní irọ́ ni, pé bí àwọn ẹyẹ náà ṣe rí látayébáyé nìyẹn.

"Ìyẹ́ ló lè jẹ́rìí, Màmá. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ lọ́dún tí ìyẹ́ kan hù, inú ìyẹ́ náà ló máa há sí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kò lè ṣe ẹni tó bá fi sùn ní nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ti àtijọ́, ẹ sì tún kọ ọdún sí i lára."

"Ìrọ̀rí bàbá rẹ lo fẹ́ tú?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Bó bá dé tó sì béèrè ìrọ̀rí rẹ̀ ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì mọ ibi tí bàbá wà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káfíńtà ni, ìrìn ọjọ́ kan péré, fóònù sì wà níbẹ̀. Ojú ń ti télọ̀, inú ń bí atukọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ṣe ń gorí ọdún.

"Mú mẹ́fà," ni télọ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tó wà lórí ibùsùn, má fọwọ́ kàn án." Kò sì jẹ́ kí ọmọ fi sísọ́ọ̀sì kan ojú òwú òun. Òun fúnra rẹ̀ ló tú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó bu ìhùùhù sínú àwọn ọ̀rá kéékèèké, ó sì tún un rán.

Nígbà tí ọmọ lọ tán, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́dún ìrọ̀rí karùn-ún ni ife kọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ nínú ọkọ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó sì gbàgbé àwọn èrò sí òdìkejì omi lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ òórùn ọtí. Ó tú inú ọkọ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn, kò rí ìgò kankan. Ẹlòmíràn á ti gbà pé ọkùnrin náà kì í mutí. Télọ̀ ní tirẹ̀ gbà pé ọtí tí kì í rùn ló rí rà. Òmùgọ̀ gbáà! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, létí omi, níṣojú gbogbo èrò, ó pè é ní ọ̀mùtí.

"Ọtí kọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wí i, ahọ́n tó wúwo yẹn ló sì fi ń wí i, àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó palẹ̀ aṣọ mọ́ sínú àpò kan, ó lọ, kò mú ìrọ̀rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ padà dé pẹ̀lú ìwé kan. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, díẹ̀ báyìí ni mẹ́kúrì tó wà nínú ìyẹ́. Lọ́dún kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lọ́dún kẹfà, ó ti di ìlọ́po mọ́kànlá.

"Ṣé ó máa ń ṣe èèyàn náà?" ni télọ̀ bi í.

Ọmọ ká ìwé náà. "Ẹni tó bá ń jẹ ẹja ibẹ̀ lójoojúmọ́, Màmá. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ò ní dúró dáadáa. Ahọ́n á wúwo."

"Kí ló dé tí kò ṣe mí?"

"Ẹ̀yin kì í jẹ ẹja. Ara yín kì í gbà á."

Òótọ́ ni. Bó bá jẹ ẹja, ara á máa yún un. Nítorí náà, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ ń jẹun, á gbé ẹja tirẹ̀ sórí àwo ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ń tukọ̀," á wí bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn bó ṣe ń wò ó tó ń jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ni. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tó tún lè gbà fẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bú sẹ́kún. Ọmọ dì í mú. "Ẹ ò mọ̀, Màmá."

"Ó sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ fún mi."

Nígbà tó sunkún tán, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìrọ̀rí keje jáde, ó sì tú u. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì fún ọmọ rẹ̀. "Gbà. Kí wọ́n má lọ sọ pé ẹ̀rí yín ò pé." Lẹ́yìn náà ló mú fóònù. Kò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí láti ọdún méjìlá sẹ́yìn.

Káfíńtà ló gbé e. Nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ gbé fóònù fún àbúrò rẹ̀. Télọ̀ gbọ́ tí ẹnìkan ń mí.

Kò rántí kí i. "Ọtí kọ́," ló wí. "Ọtí kọ́, olówó orí mi. Ẹja ni. Ẹja tí mo ń gbé fún yín ni. Ẹ foríjì mí."

Ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ahọ́n náà ṣì wúwo, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìrọ̀rí mi ńkọ́?"

Télọ̀ wo ìrọ̀rí tó la ẹnu sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ìhùùhù ti bo gbogbo ìró rẹ̀.

"Ó wà," ló wí. "Mo ń rán an lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó dé, màá ti rán an tán."

Ó fi èjìká di fóònù mú, ó ń wá ihò abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kó ríran. Ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ki òwú pupa bọ̀ ọ́.