Òtútù Ilé Opó

“Ọkùnrin wo ni yóò wọlé tọ opó tí kò tíì lo oṣù méjì?”

Alhaji Làtíìfù ló ń bèèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mìsítúrà, aya Sherifdeen, àbúrò rẹ̀ tó dolóògbé, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó máa tún bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná ṣe lásán ni. Ọjọ́ kẹfà rèé tó ti bàjẹ́. Àfáà ní bí ìnira bá dé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.”

“Ṣé àfáà ló ni ẹbí wa? Ìyàwó, wọ súẹ́tà kún súẹ́tà. Tí oṣù mẹ́rin òun ọjọ́ mẹ́wàá opó rẹ bá pé, màá pe oníṣẹ́.”

Ó padà sí ilé rẹ̀ ní Nunhead, níbi tí ooru wà. Òun náà ló ni ilé tí Sherifdeen kú sí yìí, ní Peckham, nílùú òyìnbó níbẹ̀.

Yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì fèrèsé nínú yàrá. Mìsítúrà wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún Yusrah, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì fi agbádá bàbá rẹ̀ wé e. Síbẹ̀, ikọ́ ọmọ náà ti yí padà. Ó ti ń há mọ́ ọn láyà.

Aunty Magdalene, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń gbé lókè wọn, kanlẹ̀kùn.

“Mummy Yusrah, ẹ gbé ọmọ yìí ká lọ sókè. Hítà mi ń ṣiṣẹ́.”

“Wọ́n á ní mo jáde nínú opó.”

“Àtẹ̀gùn méjìlá péré! Ṣé àtẹ̀gùn ló máa lọ rojọ́ yín ni?”

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí opó kan ní Deptford tó jáde lọ ra wàrà, tí àwọn àna rẹ̀ ní ọkọ ló lọ wá.

“Ẹ gbé e fún mi nígbà náà,” ni Aunty Magdalene wí.

Yusrah rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, kò gbà.

“Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la, Aunty.”

Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni áńbúláǹsì gbé wọn. Dókítà ní òtútù àyà ni. Kí oòrùn tó wọ̀, Yusrah ti dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ikú ọmọ náà, kí àwọn aláàdúà tó dé, Alhaji Làtíìfù mú oníṣẹ́ kan wọlé, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ opó kọjá sídìí bọ́ílà. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí àwọn àlejò dé láti Stockwell, gbogbo wọn ló bọ́ kóòtù.

“Ilé yìí mà móoru o, Alhaji,” ni ọ̀kan nínú wọn wí.

“Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí òtútù pa àlejò.”

Mìsítúrà dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rìn jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà. Kò sí ẹni tó rántí pé opó kì í jáde.