Ìṣó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Obì

Ẹni tó bá wọ ilé obì Bàbá Olúsànyà ní Ṣàgámù lọ́dún 1983, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni ìṣó ńlá kan lára òpó ẹnu ọ̀nà. Àwa obìnrin mẹ́jọ la ń di obì gbànja sínú agbọ̀n níbẹ̀, kí ọkọ̀ tó kó o lọ sí Kánò. Oníkálukú ló ní ìrépé aṣọ tó ń so mọ́ agbọ̀n tirẹ̀. Tèmi, pupa ni. Bí agbọ̀n kan bá jẹrà kó tó dé Kánò, wọn yóò fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ padà, Bàbá yóò sì fi í kọ́ sórí ìṣó fún oṣù kan gbáko. Tajá tẹran ni yóò máa wò ó.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń di obì, aṣọ pupa kò débẹ̀ rí. Mo fi ń yangàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Kí oòrùn tó yọ ni mo ti ń dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí ibà ń ṣe mí pàápàá, mo lọ. Bàbá a máa sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ wo Ojúọlá, ó fẹ́ràn iṣẹ́." Ìfẹ́ wo? Ẹ̀rù ìṣó ni. Ẹ̀rù yìí náà ni kò jẹ́ kí n gbà nígbà tí Bàbá ní kí n ṣe olórí wa. Èmi tí mò ń ṣọ́ agbọ̀n tèmi tọ̀sán tòru, ṣé mo tún fẹ́ ru ẹ̀bi ẹlòmíràn ni?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, ọkọ̀ Síkírù awakọ̀, tí a ń retí ní Sátidé, dé láìròtẹ́lẹ̀. Obì tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò nílẹ̀ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, ká tó fi ewé gbòdògì dì í. Tèmi kò tíì lò ju ọjọ́ kan lọ. Ojú tì mí láti sọ pé n kò tíì ṣe tán. Mo di agbọ̀n mẹ́fà, mo so aṣọ pupa mọ́ wọn, wọ́n sì gbé wọn sọ́kọ̀.

Mo jókòó, mò ń nu ọwọ́ mi. Ó tutù rinrin. Mo mọ̀ pé obì yẹn yóò jẹrà kó tó dé Kánò. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n dákẹ́, àbí ta ló rí mi? Ṣùgbọ́n agbọ̀n Kíkẹ́, opó kan tí kò tíì pé oṣù méjì pẹ̀lú wa, ló wà lábẹ́ tèmi gan-an. Tèmi yóò ro omi sí tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀ náà yóò sì dórí ìṣó.

Síkírù ti ṣíná sí ọkọ̀. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò lọ́nà kí n máa lọ," ó wí.

"Sọ agbọ̀n mẹ́fà tó ní aṣọ pupa kalẹ̀. Wọn ò tíì gbẹ."

Bàbá jáde. "Ta ló dì wọ́n?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo mọ̀ pé wọ́n tutù, mo sì dì wọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí."

Iṣẹ́ mi ń lọ, orúkọ ọdún mọ́kànlá sì ń bá a lọ. Kí Bàbá tó dáhùn, mo tú aṣọ pupa kan, mo rìn lọ sídìí òpó, mo fi ọwọ́ ara mi fi í kọ́ sórí ìṣó.

Bàbá wò ó títí. "Láti ọjọ́ tí mo ti kan ìṣó yìí," ó wí, "èmi nìkan ló ń fi aṣọ kọ́ ọ."

Ìgbà yẹn ni Fẹ̀hìntọlá, tí kì í gbà pé obì ẹnikẹ́ni dára tó tòun, wúkọ́. "Bàbá, mẹ́ta nínú tèmi náà tutù." Òun náà tú aṣọ rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Kí ọkọ̀ tó lọ, a ti sọ agbọ̀n tó tutù kalẹ̀, aṣọ mẹ́rin ló sì wà lórí ìṣó.

"Báyìí lẹ ṣe ń dì í fún mi láti ọjọ́ yìí, tẹ́ ẹ sì ń dákẹ́?" Bàbá bi wá. "Ìṣó yẹn là ń bẹ̀rù, Bàbá," mo wí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá tún ní kí n ṣe olórí, mo sì gbà. Bàbá fẹ́ fa ìṣó náà yọ, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì, yóò fi aṣọ rẹ̀ kọ́ ọ fúnra rẹ̀, a ó sì jọ tún obì náà dì. Fún odindi ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ ẹnikẹ́ni kò ti Kánò padà.

Àwọn yòókù ti tú aṣọ tiwọn. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣá. Àlejò a máa béèrè ta ló ni ín.

"Èmi ni mo ni ín," mo máa ń wí. "Èmi náà ni mo sì fi í kọ́."